Búrẹ́dì Sàárà Tí Kò Sí Nínú Ètò Pàjáwìrì Wa

Àwọn tó ti hewú ló máa ń jókòó sọ ìtàn iṣẹ́ ayé wọn, èmi ò sì tíì ní ewú kan lórí. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ búrẹ́dì, n ò sì ní padà sí i mọ́, nítorí náà odindi ìtàn ni mo ní lọ́wọ́, bó tilẹ̀ kúrú. Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì, tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ oúnjẹ, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́. Mo rántí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni n ò mọ̀. Bí ẹ bá kà á tán tí ọ̀rọ̀ náà rú yín lójú, ẹ má bínú, èmi ló kọ́kọ́ rú lójú.

Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo kà gboyè. Mo wá iṣẹ́ káàkiri Èkó títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi jẹ tán, kí obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe tó sọ fún mi pé Alhaja kan tó ní ilé búrẹ́dì ń wá ọmọ tó kàwé. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kéré, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọmọ Ìfọ̀ ni Alhaja. Ìfọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ààrò alámọ̀ kan tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Nígbà tí èrò pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí àwọn tó ń lọ sí ìsìn oṣooṣù ní Kámpù, ibùdó ìjọ ńlá tó wà nítòsí, ń ra búrẹ́dì bí ẹni ń ra omi, ó kó iṣẹ́ náà wá sí Mowe. Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn rẹ̀ máa ń há nítorí àdúrà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó wò mí láti orí dé àtàǹpàkò.

“Ṣé o kì í ti ilẹ̀kùn mọ́rí gbàdúrà lásìkò iṣẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa. Fulawà tó ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Ó fà mí lé Bàbá Sùlé lọ́wọ́. Bàbá Sùlé ni olórí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Òun àti Alhaja ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò igi. Ó gbọn fulawà ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, “Kí lo kọ́ ní yunifásítì?”

“Ìmọ̀ nípa oúnjẹ, sà.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é ni wọ́n kọ́ ọ, àbí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?”

Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà Búrẹ́dì. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dùn mí. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́, ìyẹn náà sì tún kó ìdààmú bá mi, nítorí n ò mọ̀ bóyá mo ti dàgbà ni, àbí ojú ti mọ́ mi.

N ò jókòó sí ọ́fíìsì ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́. Bàbá Sùlé ní ẹni tí kò bá lè po fulawà kò lè kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo pò ó títí apá mi fi ń gbọ̀n nínú oorun. Ó kọ́ mi pé tí búrẹ́dì bá jáde, kí n dojú rẹ̀ dé, kí n fi ìka gbá a nídìí, kí n sì dẹtí sí i. Bó bá dún bí ilẹ̀kùn ilé tó ṣófo, ó ti jinná. Bó bá dún bí ikùn ẹni tó yó, kó padà sínú ààrò. Ìró kan náà ni mò ń gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Mo rò pé etí mi ló bàjẹ́. Mo tilẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ibafo kí wọ́n bá mi wo etí náà. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, mo yọ odindi páànù ńlá kan jáde, mo sì fi ìdánilójú sọ pé ó ti jinná. Bàbá Sùlé gé ọ̀kan sí méjì, àárín rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Kò pariwo. Ó ní, “Kó o lọ fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Kó o sì bá mi bẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó má bínú.”

Mò ń bẹ̀rù ọkùnrin náà, mo sì ń fẹ́ kó yìn mí, mo sì ń bínú sí ara mi pé mò ń fẹ́ kó yìn mí. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọ̀gá tó le kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ohun tó ń rò nípa ara rẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Míksà dé, àwọn tó ń fi ọwọ́ po fulawà sì dín kù. A lo ààrò tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀, gáàsì sì gba ipò rẹ̀. Ìgbà tí gáàsì dé ni mo rí ẹ̀rù lójú Bàbá Sùlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Igi máa ń rú èéfín kó tó jó ọ. Gáàsì kì í kí èèyàn.”

Gáàsì yìí náà ló sọ mí di ẹni tó ń ṣe ètò pàjáwìrì. Àwọn aṣàyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a ó ṣe sílẹ̀ bí gáàsì bá ń jò, bí iná bá sọ, bí omi kò bá dáa mọ́, àti bí a ó ṣe kó oúnjẹ tó bá ní àléébù padà láti ọjà. Alhaja ní, “Dókítà, iṣẹ́ rẹ dé.” Inú mi dùn. Mò ń ka òwe náà sínú pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. N kò mọ̀ pé àwọn èèyàn mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ogun náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo pe gbogbo wọn jọ. Mo ní, “Bí iná bá sọ nídìí ààrò...”

“Kò ní sọ!” Wọ́n jọ dáhùn ni, Mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ pé ó sọ.”

“Kí ló dé tí a ó fi sọ bẹ́ẹ̀?” Wàsíù ló sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa mọ́tò iléeṣẹ́. “Àǹtí, ṣé ẹ níkà nínú ni?”

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti kọ́ ọ̀nà tí a ó gbà jáde. Mo wá ní kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fara pa, ká lè kọ́ bí a ó ṣe gbé e. Kò sẹ́ni tó mira. Ẹnì kan ní orí òun kọ̀ ọ́. Wàsíù ní ìyàwó òun wà nínú oyún, ṣé òun ni kó wá máa ṣe òkú? Nígbà tó yá, Bàbá Sùlé gbé àpò fulawà kan sílẹ̀. “Ẹ gbé èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fún un lórúkọ o.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé àpò fulawà sá jáde kúrò nínú iná tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ. Mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Ti kíkó ọjà padà ló yọrí sí rere. Mo ṣètò pé àwọ̀ rọ́bà tí a fi ń so nylon búrẹ́dì máa yàtọ̀ síra fún ìsè kọ̀ọ̀kan, ìyẹn búrẹ́dì tó jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: pupa fún àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wàsíù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n já ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. A dán an wò nígbà kan, a kó búrẹ́dì tó dáa padà láti Ibafo. Ìyá kan níbẹ̀ di nylon mú, ó ní, “Kí ni búrẹ́dì yìí jí?” Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ padà wálé, mo sì sun oorun tó dùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wàhálà dé. Ẹni tó ń tọ́jú sítóò rí kòkòrò lára àpò fulawà, ó sì fín oògùn kòkòrò síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àpò kan ṣí sílẹ̀. Inú àpò yẹn la ti bu èyí tí a fi ṣe ìsè àkọ́kọ́. Ọjà ti jáde tán kí Bàbá Sùlé tó wọ sítóò, kó sì dúró gbagidi.

“Dókítà, gbóòórùn ibí yìí.”

Mo gbóòórùn. Ó ń rùn. Mo tún gbóòórùn, ó dà bíi pé kẹrosíìnì ni. A mú búrẹ́dì ìsè àkọ́kọ́ kan tó ṣẹ́kù, Bàbá Sùlé fi kan imú. “Ó ń rùn,” ó ní. Ó tún fi kan imú. “Kò rùn.” Ó gbé e fún mi, èmi náà ní ó ń rùn, mo ní kò rùn. Àwa méjèèjì wo ara wa. N ò tíì rí ìdààmú tó dà bí ìyẹn rí: èèyàn mọ̀ pé ikú lè wà nínú nǹkan, ó sì tún dà bíi pé òun ń fi ẹnu ara òun pè é wá.

Mo ní kí wọ́n kó gbogbo rọ́bà pupa padà. Ètò náà ṣiṣẹ́ bí aago. Mowe wọlé, Ibafo wọlé, títí kan èyí tó wà lórí igbá àwọn ọmọ tó ń kiri lójú ọ̀nà. Kò sí nylon tí ẹnikẹ́ni tíì tú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìgbà náà ni Bàbá Sùlé bi mí pé, “Ti ẹnu ààrò ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ààrò, sàárà ni. Wọn kì í so rọ́bà mọ́ ọn, kì í wọ mọ́tò iléeṣẹ́. Mọ́tò Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ilé kéwú kan ní Ìfọ̀, lọ́dọ̀ Alfa àgbà tó kọ́ Alhaja ní kéwú nígbà èwe. Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò sẹ́ni tó ka sàárà mọ́ ọjà, nítorí náà kò sí nínú ètò. Lọ́jọ́ yẹn, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé Sìdíkátù, ọmọ Alhaja, ti ń rọbí. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ léraléra. Alhaja gbé sàárà náà já sí Ìfọ̀ láàárọ̀, ó sì kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ṣàlàyé, ahọ́n mi ń kọsẹ̀.

“Bùkọ́lá,” ó ní. Kì í pè mí lórúkọ tẹ́lẹ̀. “Sàárà tí mo ti fi sílẹ̀ nítorí ọmọ mi, ọmọ náà ṣì wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ìwọ ní kí n lọ gbà á padà? Kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé kí ni?”

“Àwọn ọmọ kéwú á jẹ ẹ́, mà.”

“Mo gbọ́.” Mo gbọ́ tó ń mí. “Ọmọ ẹnì kan ni àwọn náà. Mo gbọ́. Yéè, Sìdí mi...” Fóònù já. Mo tún pè, kò wọlé mọ́.

Kò ní kí n lọ, kò sì ní kí n má lọ. Mo bi Bàbá Sùlé. Ó ní, “Bó o bá lọ, èmi kọ́ ni mo rán ọ. Bó ò bá lọ, èmi kọ́ ni mo dá ọ dúró.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrẹ́dì ìsè ìkẹta, èyí tó dáa, sínú mọ́tò.

Èmi àti Wàsíù gba ọ̀nà inú tó já sí Ọ̀fàdà, kòtò lórí kòtò. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mò ń bẹ̀ fún. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ má jẹ búrẹ́dì náà, ṣé mò ń ní kí sàárà má gbà ni? Bí mo bá ní kí Sìdíkátù bí wẹ́rẹ́, ṣé mò ń ní kí búrẹ́dì náà wà níbi tó wà ni? Wàsíù ní, “Àǹtí, ẹ yé fọwọ́ mú orí. Orí ò ní já bọ́.”

A dé Ìfọ̀ bí wọ́n ti ń jáde nínú ìrun. Àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní, nylon búrẹ́dì wà níwájú Alfa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Alfa fi ọwọ́ kan nylon náà.

“Èmi ti jẹ díẹ̀ láàárọ̀,” ó ní. “Ó dùn.”

Mo gbé ojú sókè wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. “Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ láyé kì í tijú ikú. Ṣùgbọ́n sàárà kì í padà sẹ́yìn, ọmọ mi. Iwájú ló ń lọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Ṣé ebi ń pa ọ́?”

“Rárá, sà.”

“Ronú dáadáa kó o tó dáhùn.”

Mo wo Wàsíù. Wàsíù ń fi ojú bẹ̀ mí. “Ebi ń pa mí, sà,” ni mo sọ.

“Hẹn-ẹ̀n. Aláìní dé.” Ó fa nylon náà sọ́dọ̀ mi. “Èmi náà fi ta ọ́ lọ́rẹ. Na ọwọ́ méjèèjì.” Mo na ọwọ́. Ó gbàdúrà fún Sìdíkátù lédè Lárúbáwá àti lédè Yorùbá, kó bí tibi tire. Ó dúró, ó ń wò mí. Àwọn ọmọ ti ń wòran.

“Àmín,” mo ní.

“Aláìní kì í ṣe àmín jẹ́jẹ́.”

“Àmín!” mo pariwo. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, ó sì tún bà mí lẹ́rù pé ó balẹ̀.

Alfa nawọ́ sí mọ́tò. “Èyí tí ẹ kó wá ńkọ́? Ti ta ni?”

“Ti iléeṣẹ́, sà.”

“Iléeṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe sàárà. Èèyàn ló ń ṣe é.”

Mo sọ fún Wàsíù pé kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi. Alfa ní, “Ó ti di tìrẹ nìyẹn. Kí ni ká bá ọ bẹ Ọlọ́run fún?” Gbogbo ọmọ náà ń dúró, ebi ń pa wọ́n. Ìgbéyàwó kò wá sí mi lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó sàn jùyẹn lọ kò wá. Mo ní, “Kí n lè mọ ohun tí mò ń ṣe, sà.” Alfa ní àdúrà náà le, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Lójú ọ̀nà, a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn igbó kan, a ri búrẹ́dì náà mọ́lẹ̀ níbi tí ẹran kò ti lè hú u. Ọwọ́ wa ṣì dọ̀tí nígbà tí Alhaja pè.

“Sìdí ti bí. Obìnrin. Àwọn méjèèjì wà láàyè.” Ó ń sunkún. “Ibo lo wà?”

“Mò ń bọ̀ láti Ìfọ̀, mà.”

“Ṣé o gba sàárà mi padà?”

“Rárá, mà. Alfa ló fi ta mí lọ́rẹ.”

“Má jẹ ẹ́ o,” ó ní.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá oògùn wọ inú búrẹ́dì yẹn. Inú ń run Alfa ní ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní ẹran tó jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Ara rẹ̀ yá. Mo ka ìwé lórí oògùn náà, ìwé kò lè sọ fún mi. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ètò pàjáwìrì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bèèrè ibi tí wọ́n ń tajà sí, ẹ tún bèèrè ibi tí wọ́n ń fi tọrẹ.

Alhaja kò bá mi wí, kò sì dúpẹ́. Nígbà tó padà dé, ó kàn pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, sàárà kò gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnì kan láàárín wa tó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, ká sì dúró wò ó. Ó ní ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ. Ó bèèrè ẹni tó máa ṣe é. Kò sẹ́ni tó mira. Mo na ọwọ́ sókè, n kò mọ ìdí.

Títí Alhaja fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí èmi náà sì kúrò, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìjókòó kan fún mi lẹ́nu ààrò. Mo máa ń gé búrẹ́dì gbígbóná, mo máa ń jẹ ẹ́, àyà mi máa ń já gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wò mí. Nígbà tó bá ti pẹ́ díẹ̀, Bàbá Sùlé á tẹ̀ síwájú, á fi ìka gbá mi lórí bí ẹni ń gbá ìdí búrẹ́dì.

“Dókítà, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà, sà.”

“Ẹ máa gbé sàárà lọ, ó yá.”